ÀLÀÁFÍÀ ỌKÀN: OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÀRỌ́WỌ́TÓ WA NÍLÉ, NÍ MỌ́SÁLÁṢÍ ÀTI NÍ ILÉ KÉWÚ

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọdún yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́. Bí a bá ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tọmọdé tàgbà ni yóò jókòó tì wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ àìsàn ọkàn tàbí àìsàn ọpọlọ, oníkálukú yóò máa sọ nínú ara rẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé tòun. Àwọn àgbà ló ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìtìjú tí ó wà nínú òwe yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pa àìsàn mọ́ra títí tí yóò fi kọjá ohun tí ó rọrùn láti wò.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ni wèrè tí ojú gbogbo ayé ń rí, tí ẹni náà ń dá sọ̀rọ̀, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Èyí kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Èkejì ni ó pọ̀ láàárín wa: ìrònú tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, ìbànújẹ́ tí kò lọ, ẹ̀rù tí kò nídìí, kí oúnjẹ má wu ni í jẹ, kí ohun tí ó ń múnú ẹni dùn tẹ́lẹ̀ má ṣe múnú ẹni dùn mọ́. Ẹni tí irú èyí ń ṣe lè wọ aṣọ tó mọ́, kí ó wà ní sààfù àkọ́kọ́ ní ìrun Jímọ̀, kí ó máa bá ènìyàn rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún èyí tí ń ṣe ìyá ọlọ́mọ tuntun, wọ́n pè é ní abísínwín. Wọ́n ní orúkọ fún ọdẹ orí, èyí tí ènìyàn yóò máa sọ pé nǹkan kan ń rìn gbéregbère nínú orí òun, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tí kò rí oorun sùn. Ní 1987, Makanjuola, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, kọ̀wé lórí ọdẹ orí yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn àgbáyé, ó sì fi hàn pé ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn ni ó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ara ni ó ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ìdí nìyí tí bàbá kan fi lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí wọn kò ní rí nǹkan kan, síbẹ̀ tí orí kò ní yé fọ́ ọ. (Ní ti wàrápá, tí àwọn kan ń kà mọ́ wèrè, àìsàn ọpọlọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe wèrè, itọ́ rẹ̀ kì í sì í ranni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yàgò fún ọmọ tí ó bá ṣubú ní kíláàsì.)

BÍ AYÉ ṢE RÍ NÍ AGBÈGBÈ WA

Láti Ìbafọ̀ dé Mowé, àti ní apá Ifọ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó. Ilẹ̀ ló wọ́n lọ́hùn-ún tí wọ́n fi wá kọ́lé síhìn-ín. Ẹni tí yóò bá dé ẹnu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun Asúbáà. Bí tírélà kan bá ṣubú sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó di òru kí ó tó wọlé, àwọn ọmọ á sì ti sùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti gba ohun tí ìbá jẹ́ owó oúnjẹ. Ìyàwó ń dá gbé bùkátà ilé, ọkọ ń dá gbé ti ojú ọ̀nà, ọmọ ń dá gbé ti ìdánwò, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

A kò sọ pé ojú ọ̀nà ni ó ń fa gbogbo rẹ̀ o. Àìsàn ọkàn lè wá láti inú ìdílé, ó lè wá láti ara ìbímọ, láti ara ọ̀fọ̀, láti ara ìjàǹbá tí ó kan orí, tàbí láti ara igbó àti tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń lò ní ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, àìsàn kì í pẹ́ rí ọ̀nà wọlé sí i lára.

ṢÉ MÙSÙLÙMÍ KÌ Í BANÚJẸ́ NI?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ tí kò dùn mọ́ wa nínú. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọkàn òun wúwo, àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré, pé kí ó lọ fi kún ìrun rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ ka Sūratu Yūsuf. Ànábì Yàákúbà ni, ó banújẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ títí tí ojú rẹ̀ fi funfun. Àbí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ náà ló kéré? Ànábì wa Muhammad pàdánù ìyàwó rẹ̀ Khadījah àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ Abū Tālib nínú ọdún kan ṣoṣo, ní bí ọdún 619, títí di òní ni àwọn onímọ̀ sì ń pe ọdún náà ní Ọdún Ìbànújẹ́. Nínú àwọn àdúà tí ó máa ń ṣe, ó ń wá ààbò Ọlọ́hun kúrò níbi àníyàn àti ìbànújẹ́. A kì í wá ààbò kúrò níbi ohun tí kò lè dé bá ni.

Ìyá wa Āishah pẹ̀lú, bí ẹnì kan bá kú nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, a máa ní kí wọ́n se talbīnah, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí a fi ìyẹ̀fun ọkà bálì ṣe, kí wọ́n fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ mu, ó sì gbà á lẹ́nu Ànábì pé ó ń fi ara balẹ̀ fún ọkàn aláìsàn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Wọn kò kọ́kọ́ fi wáàsí lu ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n gbé sí i níwájú. Bálì kò sí ní ọjà Ifọ̀, ṣùgbọ́n ògì àti wàrà wà.

Ẹnì kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ kéwú mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Abū Zayd al-Balkhī, ọmọ ìlú Balkh, tí ó wà ní Afghanistan lónìí. Ó kú ní 934. Ó kọ ìwé kan tí ó pè ní Masālih al-Abdān wal-Anfus, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣe ara àti ọkàn ní àǹfààní. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ọkàn a máa ṣàìsàn bí ara ti ń ṣe é, ó sì pín ìbànújẹ́ sí méjì: èyí tí a mọ ohun tí ó fà á, àti èyí tí ó kàn dédé dé tí a kò rí ohun tí ó fà á. Ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àti èrò rere ni a fi ń wò ó. Ti èkejì, ó ní ara ni ó ti ń wá, kí a tọ́jú ara pẹ̀lú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó ti sọ èyí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn òde òní ṣì ń fi ọ̀rọ̀ àti oògùn ṣe ìtọ́jú pọ̀. Ìmọ̀ràn kan tí ó gbà wá jọ wá lójú jù. Ó ní bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú oògùn díẹ̀ sílé de àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú èrò tí ó dára sínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó lè rí i lò lọ́jọ́ tí nǹkan bá dé. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí inú yín dùn, ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ó ti le rí tí ó sì tán, ẹ kọ orúkọ ènìyàn méjì tí ẹ lè ké sí, ẹ fi í sínú Àlùkùránì yín.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÓJOOJÚMỌ́

Oorun ni a óò kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni gbogbo wa ń fi ṣeré. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, ọ̀dọ́langba nílò 8 sí 10. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún ọmọ tí yóò jí ní aago márùn-ún. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó yẹ kí ó ti wà lórí ẹní, kì í ṣe ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ànábì kì í fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn ìrun Ìṣái, àwa sì rí ọgbọ́n rẹ̀ lónìí tí fóònù ti gba ibi tí irọ̀rí wà. Kí fóònù gbogbo ilé sùn sí pálọ̀. Bàbá tí ó sọ pé òun ń fi ti òun jí fún Asúbáà, kí ó lọ ra aago alárámù ní ọjà.

Èkejì ni kí ara máa mira. Ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ara rẹ̀ ti le gan-an bí igi. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tirẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò rí ìyàtọ̀ lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àyà bá ń já, kí ó fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀ láti imú, kí ó sì jẹ́ kí èyí tí ó ń jáde gùn ju èyí tí ó wọlé lọ, ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tí ó ń ka Àlùkùránì pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ti ń ṣe èyí láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ sísọ, òun ni a sì fẹ́ dúró lé lórí. Ní ilẹ̀ Zimbabwe, àwọn ènìyàn ní orúkọ kan fún irú àìsàn tí à ń wí yìí, wọ́n ń pè é ní kufungisisa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrònú àpọ̀jù. Ní 2006, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dixon Chibanda rí i pé dókítà àìsàn ọpọlọ kò tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè òun rárá. Kò sí owó, kò sí yàrá. Ó mú àwọn ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare, ní ìlú Harare, ó kọ́ wọn bí a ti ń fetí sílẹ̀ sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì ní kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi níta ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá ní ìṣòro yóò wá jókòó tì wọ́n. Ìyá àgbà kò ní sọ fún un pé kí ó lọ ṣe sùúrù. Yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò ní kí ó mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú wọn, kí àwọn méjèèjì jọ wá ohun tí ó lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì padà wá jábọ̀. Wọ́n fi ìwádìí gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ó sì hàn pé ara àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin asàlátù ọjọ́ Àìkú, kí ló kù tí ẹ kò ní? Àkéte wà, àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé ayé rí wà, àsìkò wà. Bí a bá parí wírídì, kí á yan ìyá méjì tí wọn kì í tú àṣírí, kí wọ́n dúró sẹ́yìn fún wákàtí kan. Ìdí tí a fi mẹ́nu ba àṣírí ni pé òun ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kan sọ ní mọ́sálásí bá ṣáájú rẹ̀ dé ilé, kò tún ní sọ òmíràn láéláé. Àwọn ọkùnrin náà lè ṣe tiwọn lẹ́yìn Alásàárì ọjọ́ Àbámẹ́ta. A mọ̀ pé àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ sọ pé nǹkan ń ṣe àwọn, nítorí náà, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ bo ọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá jọ ń tún ẹ̀rọ ìbòmi mọ́sálásí ṣe, ọ̀rọ̀ á jáde.

NÍ TI ÀWỌN ỌMỌ

Ọmọ kì í sọ pé ìbànújẹ́ ń ṣe òun. Inú ríro ni yóò sọ, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ iléèwé. Ọmọ tí ó ti há Júsù Àmà tán tí ó wá ń gbàgbé Fātiha, ọmọ tí ó ti kúrò ní títọ̀ sílé tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, kí òbí àti olùkọ́ má ṣe sáré fa pàṣán yọ. Ẹ bi í léèrè, ẹ sì ní sùúrù de ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé bàbá àti ìyá ń jà lóru, wọ́n sì rò pé ó ti sùn.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ fún yín pé ayé ti sú òun, tàbí pé ó sàn kí òun kú, kì í ṣe àṣírí tí ẹ óò pa mọ́. Ẹ sọ fún àgbà tí ẹ fọkàn tán ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ má ṣe fi iná Jàhánámà dẹ́rù bà á. Ẹ bi í ní ṣàkó bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbi í léèrè kò ní kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti oògùn kòkòrò kúrò nílé, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí ẹ óò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ JU AGBÁRA ILÉ LỌ

Bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí ẹ̀rù bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì léraléra tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn, tàbí tí ìyá ọlọ́mọ tuntun kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, ẹ gbéra. Àwa ará ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní àwáwí, nítorí ilé ìwòsàn tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta.

Ní 1944 ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ní Lántòrò. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kàwé dókítà ní ìlú Birmingham, dé sí Àró. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Dípò kí ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wà ní abúlé tí ó yí Àró ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn yóò wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan ó kéré tán, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Ní àárọ̀ wọn á lọ gba ìtọ́jú, ní ìrọ̀lẹ́ wọn á padà sí abúlé, wọn á bá àwọn ènìyàn jókòó, wọn á lọ sóko. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó pè wọ́n mọ́ra láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oògùn ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ní 1961, àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta nítorí iṣẹ́ yìí. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, ó sì kú ní 2004. Ohun tí ó yẹ kí a rí dìmú níbẹ̀ ni pé wọn kò yọ aláìsàn kúrò láàárín ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwa ẹlẹ́sìn ń ṣe? Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú, wọ́n rí ọkùnrin àti ọmọdé tí ó lé ní 300, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Òjòó, Ìbàdàn, ó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde. Òbí àti ẹbí ló sì mú ọ̀pọ̀ wọn lọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n sanwó, nítorí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ìwòsàn wà. A mọ̀ pé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn àti lọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Ìyẹn kò dá wa láre. Ààfáà tí ó bá gba àdúà fún aláìsàn ṣe ohun tí ó dára. Èyí tí ó bá fi ẹ̀wọ̀n dè é, tàbí tí ó nà án kí àlùjànnú lè jáde, tàbí tí ó ní kí ó da oògùn dókítà nù, ṣe àbòsí, kò sì yẹ kí jamáà tún gbé ọmọ ọlọ́mọ fún un. Ní oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó gba ipò òfin wèrè tí ó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó wà ní Ifọ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni kí ó mú tààrà. Ẹni tí ó wà ní Mowé lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣàgámù. Ẹni tí ó bá sún mọ́ Èkó jù lè lọ sí Yaba, tí ó ti wà láti 1907. Kí ẹbí kan tẹ̀lé e, kí ó mú gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, títí kan àgúnmu, kí ó sì sọ òtítọ́ fún dókítà bí igbó bá wà nínú rẹ̀. Oògùn ọpọlọ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn lè pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó rí ìyàtọ̀. A kì í sì í dá a dúró fúnra wa nítorí pé ara ti yá. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́, kí ó lọ bi dókítà rẹ̀ kí oṣù Ramadan tó dé, nítorí Ọlọ́hun ti fún aláìsàn ní ìyọ̀ǹda níbi ààwẹ̀.

Bí ó bá sì ti Àró padà dé, ẹ má ṣe máa wò ó bí ẹni wo àwòrán. Bí òun ni ó ń pe ìrun tẹ́lẹ̀, kí Ìmáámù fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́ padà. Bí ó bá jẹ́ ìyá tí ó ń kó owó àjọ asàlátù ni, ẹ lọ bá a nílé, ẹ gbé ìwé àjọ rẹ̀ fún un.